Àwọn ẹni ńlá tí wọ́n gbé Àgbádárìgì rí: ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí

Ọmọ Jẹ́gbà: Mo kí gbogbo yín, ẹ̀yin ará. Ìlú etí òkun ni Àgbádárìgì, kò sì fi bẹ́ẹ̀ tóbi, síbẹ̀ bí a bá ka àwọn tí wọ́n ti fi ibẹ̀ ṣe ilé, a ó rí ọba tí wọ́n lé kúrò ní Èkó, àlùfáà tí ó padà di bíṣọ́ọ̀bù, obìnrin tí ó di Ìyálóde Ẹ̀gbá, àti ẹrú tí ó padà di oníṣòwò ẹrú. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti wọ ilé ọ̀kan nínú wọn, tàbí tí ó ti bá ọmọ ọmọ wọn pàdé, kí ó jọ̀wọ́ rò ó fún wa.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì: Nígbà tí mo ń kọ́ni ní Agége, a máa ń kó àwọn ọmọ lọ wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tí ó kọjú sí ọ̀sà, èyí tí àwọn míṣọ́nárì CMS, ẹgbẹ́ ajíhìnrere ìjọ Áńgílíkà, kọ́ parí ní 1845. Àwa olùkọ́ a máa tò wọ́n síwájú Bíbélì àtijọ́ tí ó wà nínú ilé náà, ṣùgbọ́n kànga tí ó wà ní ìta ni ọkàn wọn máa ń wà. Lọ́jọ́ kan, ọmọkùnrin kan bi ẹni tí ń mú wa káàkiri pé níbo ni Àjàyí Crowther máa ń sùn. Ọkùnrin náà nawọ́ sí yàrá kan, ọmọ náà wò ó, ó ní, “Èyí kéré fún bíṣọ́ọ̀bù.” Mo ní láti ṣàlàyé fún un pé 1864 ni Crowther jẹ oyè bíṣọ́ọ̀bù, àti pé nígbà tí ó dé Àgbádárìgì ní 1845, àlùfáà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè ni, tí ó ń wá ọ̀nà Abẹ́òkúta tí ọ̀nà kò sì là, nítorí pé Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, tí ó ń retí wọn ti kú. Ọmọ náà kò gbà. Ó ní bí ó bá jẹ́ òun ni, òun ì bá gba yàrá tí ó tóbi. Inú ilé yẹn ni Bíbélì wa ti wá, mo sì fẹ́ kí gbogbo òbí mú ọmọ wọn lọ síbẹ̀.

Ọmọ Ìjọ: Bàbá Olùkọ́, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, iṣẹ́ ìtumọ̀ náà kò parí síbẹ̀. Crowther kúrò ní Àgbádárìgì ní 1846, ìwé Róòmù jáde ní 1850, odindi Bíbélì Yorùbá kò sì jáde títí di 1884.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì: Ẹ tún ohun tí mo kọ kà. N kò sọ pé ó parí síbẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́ja: Èmi kò mọ ti Bíbélì o, ti ọgbà Séríkì Williams Abass, ẹrú tí ó padà di oníṣòwò ẹrú, ni mo mọ̀. Àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ṣì wà nínú ọgbà náà, mo sì ń gbé ẹja lọ fún ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé wọn. Ẹ ó rí àwọn àlejò láti Amẹ́ríkà tí wọ́n dúró lẹ́nu àwọn yàrá tí wọ́n ń kó ẹrú sí, tí omijé ń bọ́ lójú wọn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ ilé ń sá aṣọ sórí okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àlejò obìnrin kan bi mí pé ṣé ara ìdílé náà ni mí. Mo ní rárá, ẹja ni mo tà fún wọn. Ó ní báwo ni wọ́n ṣe ń rí oorun sùn níbẹ̀? Mo ní, “Ìyá mi, ilé bàbá wọn ni.” Kò sọ ohunkóhun mọ́, ṣùgbọ́n ó ra ẹja.

Bíríkìlà Ìpókíá: Ó ra ẹja! Kí ni ó fẹ́ fi ṣe ní ilé àlejò?

Ìyá Ẹlẹ́ja: Panla kọ́, ẹja yíyan ni. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ràn.

Bíríkìlà Ìpókíá: Ó dára, ìbéèrè mi rèé. Àwọn tí ń mú àlejò káàkiri ibẹ̀ sọ pé yàrá 40 ni, pé ènìyàn 40 ni wọ́n ń kó sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti pé agboòrùn kan ni wọ́n fi ń pààrọ̀ ẹrú 40. Iṣẹ́ ilé kíkọ́ ni mo ń ṣe. Mo fi ẹsẹ̀ wọn yàrá kan, ojú fèrèsé rẹ̀ kò tó ohun tí adìyẹ lè gbà jáde. Ènìyàn 40 kò lè jókòó níbẹ̀.

Ọmọ Jẹ́gbà: Ta ni ó sọ fún yín pé wọ́n jókòó?

Bíríkìlà Ìpókíá: Háà.

Ọmọ Jọ́gà: Ẹ jẹ́ kí n gba ẹnu bàbá wa, Séríkì, sọ ọ̀rọ̀. Fárẹ̀mí ni wọ́n sọ ọ́ ní Jọ́gà-Orílé. Ọmọdé ni nígbà tí àwọn ará Dáhòmì mú un, ó sì di ẹrú ọ̀gá kan tí ń jẹ́ Williams, ibẹ̀ ni ó ti rí orúkọ náà. Ó dé Brazil, ó kọ́ èdè àwọn òyìnbó, ó padà wá, ó joyè Séríkì Mùsùlùmí, ó sì kú ní 1919. Nígbà tí èmi lọ síbẹ̀ tí mo sọ pé Jọ́gà ni mo ti wá, bàbá àgbàlagbà kan nínú ìdílé náà dìde fún mi, èmi tí n kò tó ọmọ rẹ̀, ó sì mú mi lọ síbi ibojì rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Ẹ má bú u fún mi.

Àbúrò London: Ẹ̀gbọ́n, ẹnikẹ́ni kò bú u. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ti fi okùn sí lọ́rùn rí, tí ó mọ bí ó ṣe ń dunni, tí ó wá mú okùn náà fi sí ọrùn ẹlòmíràn, báwo ni a ó ṣe máa pè é ní bàbá rere?

Ọmọ Jọ́gà: N kò pè é ní bàbá rere. Bàbá wa ni mo pè é.

Arábìnrin Ẹ̀gbá: Ó ṣe mí bákan pé Séríkì nìkan ni a ń gbé sórí àwo. Ẹfúnróyè Tinúbú gbé Àgbádárìgì pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, Ọba Adélé tí wọ́n lé kúrò ní Èkó, ibẹ̀ ni òwò rẹ̀ ti búrẹ́kẹ́: iyọ̀, tábà, àti ènìyàn pẹ̀lú. Nígbà tí Kòsọ́kọ́ lé Ọba Akítóyè kúrò lórí oyè Èkó ní 1845, tí òun náà sì wá sá sí Àgbádárìgì, Tinúbú wà lára àwọn tí wọ́n tì í lẹ́yìn títí ó fi padà sórí oyè ní 1851. Ẹ̀gbá ni mí, mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì ti ya fọ́tò ní gbàgede Tinúbú ní Èkó. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wá sí Àgbádárìgì, tí mo ń bi gbogbo ènìyàn pé níbo ni ilé rẹ̀ wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ó ń júwe ọgbà Séríkì fún mi. Ọ̀kan gba gbàgede, èkejì gba ègún. Ṣé nítorí pé ẹnìkan kọ́ yàrá tí ó lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi wó ni?

Bíríkìlà Ìpókíá: Èyí mú mi lára.

Ọmọ Ìjọ: Tinúbú bá àwọn òyìnbó jà, wọ́n sì lé e kúrò ní Èkó ní 1856. Ìyẹn ni a ṣe ń kọrin rẹ̀.

Àbúrò London: Bí ènìyàn bá bá òyìnbó jà, a ó pa ìwé gbèsè rẹ̀ rẹ́?

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì: Ẹ má gbàgbé Richard Lander, arìnrìn-àjò ará Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1827, nígbà tí ó ń padà lọ sílé lẹ́yìn ikú ọ̀gá rẹ̀, Clapperton, àwọn Potogí olówò ẹrú fẹ̀sùn amí kàn án ní ìlú yìí, àwọn àgbà ìlú sì fún un ní májèlé mu, ó mu ún, kò sì kú.

Ìyá Ẹlẹ́ja: Àlejò ni ìyẹn, kì í ṣe ará ilé.

Òṣìṣẹ́ Ìkẹjà: Ojoojúmọ́ ni mo ń gba òpópónà Ọba Akran lọ síbi iṣẹ́, mo sì rò pé ọba Ìkẹjà kan ni. Ìgbà tí mo bá ọ̀rẹ́ mi lọ síbi ìsìnkú ní Àgbádárìgì ni ìyá rẹ̀ fi mí ṣe ẹlẹ́yà, ó ní ọba àwọn ni Claudius Akran, pé mínísítà ni ní ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn láyé Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá.

Ọmọ Jẹ́gbà: Ẹ kú orí ire. Àwa tí a jẹ́ ọmọ Ògù, a ti mọ́ ọn lára pé kí wọ́n máa lo orúkọ wa láìmọ̀ wá.

Ọmọ Jọ́gà: Ǹjẹ́ ẹ rí i? Kí ìjọba sọ ọ̀nà kan ní orúkọ Séríkì Abass pẹ̀lú, kí wọ́n sì kọ gbogbo ìtàn rẹ̀ sára pátákó, rere àti búburú.

Arábìnrin Ẹ̀gbá: Mo fara mọ́ ọn, bí wọ́n bá lè kọ ti Tinúbú náà bẹ́ẹ̀.

Bíríkìlà Ìpókíá: Ọ̀nà wo? Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ti Mile 2 sí Sẹ̀mẹ̀ parí ná.