Kí ló dé tá a fi ń pe igi tó ń wọ́wé ní "aláìwọ́wé"?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo kí gbogbo yín o. Ọjọ́ mẹ́ta rèé tí mo ti ka ọ̀rọ̀ tí àbúrò wa kan kọ síbí, tó ní òun ti rí orúkọ Yorùbá fún kónífà ilẹ̀ olóoru tí ewé rẹ̀ ń tutù yípo ọdún (kónífà ni àwọn igi bíi páìnì tí hóró wọn máa ń wà lórí ìpẹ́), ìyẹn igi Agathis tí àwọn ará Maluku àti Sulawesi ní Indonesia máa ń ṣá lára kí oje lè jáde. "Igi aláìwọ́wé eléwé-abẹ́rẹ́" ló pè é. Àwọn èèyàn ń kan sáárá sí i, wọ́n ní ó dùn létí. Ó dùn létí lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, mi ò sì lè dákẹ́, torí tó bá fi lè wọ ìwé ọmọ iléèwé pẹ́nrẹ́n, kò sẹ́ni tó máa rí i yọ mọ́.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ gbé abẹ́rẹ́ kúrò nílẹ̀ torí ìyẹn ò gba àkókò. Páìnì ló ní ewé bí abẹ́rẹ́. Ewé Agathis fẹ̀, ó nípọn, ó yi bí awọ, kò tiẹ̀ ní eegun kan ṣoṣo tó la àárín rẹ̀ kọjá, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ló tò síra wọn láti ìdí ewé títí dé ṣóńṣó. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ lè rí ewé yẹn nílẹ̀ kó máà rò ó láé pé ẹbí páìnì ni. Àbúrò wa rí páìnì nínú àwòrán, ó wá fi aṣọ páìnì wọ gbogbo ẹbí.

Ibi tó ká mi lára jù ni àì- tó wà nínú "aláìwọ́wé" yẹn. Àì- kì í ṣe ohun tá a kàn ń gbé lé iwájú ọ̀rọ̀ bó ṣe wù wá. Tó bá ti jókòó síwájú ọ̀rọ̀-ìṣe, ó ti pa á pátápátá. Ẹni tó ṣe àìsùn kò fojú kan oorun, ẹni tó gba ààwẹ̀ àìjẹ-àìmu kò jẹ, kò mu. Ta ló máa rẹjú díẹ̀díẹ̀ látàṣálẹ́ dòwúrọ̀ tó máa wá jáde sọ pé òun ṣe àìsùn? Bí Agathis sì ṣe ń wọ́wé nìyẹn gan-an, díẹ̀díẹ̀. Ewé rẹ̀ máa ń pẹ́ lórí ẹ̀ka, ó lè lo ọdún bíi mélòó kan, tó bá gbó tán á já bọ́, òmíràn á sì ti rú síbòmíì. Kì í wọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà ni, ibẹ̀ nìkan ni ìyàtọ̀ wà. Ẹ tún wá gbọ́ o, kì í ṣe ewé nìkan ni igi yìí ń jù sílẹ̀. Ó ń ju ẹ̀ka sílẹ̀! Bó bá ṣe ń ga sí i, ẹ̀ka ìsàlẹ̀ á máa já láti oríkèé, ojú ibi tó ti já á sì jinná, ìdí rèé tí ìtì rẹ̀ fi máa ń dúró gbọnrangandan láìsí ẹ̀ka, tí igi tó lè ga tó mítà 60 á fi jẹ́ pé òkè pátápátá lẹ ó ti máa wá ẹ̀ka rẹ̀. Èèpo ara rẹ̀ náà ń bó ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ. Igi tó ń wọ́wé, tó ń ju ẹ̀ka, tó ń bó èèpo, òun la wá ń pè ní aláìwọ́wé?

Ẹ̀gbọ́n wa kan ti dáhùn lánàá, wọ́n ní mò ń fi àì- ni àwọn èèyàn lára, pé ṣebí ọmọ aláìgbọràn náà máa ń gbọ́ràn nígbà míì, orúkọ rẹ̀ ò sì yí padà. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi, aláìgbọràn jẹ́ ọ̀rọ̀ ìbáwí, ìwà là ń fi í dá lẹ́jọ́. Ìgbà tínú bá ń bí wa sí ọmọ la máa ń pè é bẹ́ẹ̀, tó bá sì dáa lọ́la a ò ní pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Wíwọ́wé kì í ṣe ìwà, ohun tójú ń rí nílẹ̀ ni. Orúkọ tí ọmọ iléèwé máa fi dá igi mọ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ ohun tí ilẹ̀ abẹ́ igi náà máa já nírọ́. Wọ́n tún ní ogún ọdún làwọn fi kọ́ni ní Yorùbá. Mo bọ̀wọ̀ fún un dáadáa, mo sì mọ̀ pé wọ́n kọ́ àwọn tó kọ́ mi. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ àì- ni mo ń sọ o, mi ò sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí.

Ọ̀tọ̀ tún ni pé kónífà kan wà nílẹ̀ òtútù tí wọ́n ń pè ní láàṣì, tí òtútù bá ti ń bọ̀, gbogbo ewé rẹ̀ á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ á sì wọ́ tán pátá, igi á dúró lásán, kónífà ṣì ni. Ohun méjì la ti lọ̀ pọ̀ mọ́ra látìbẹ̀rẹ̀, jíjẹ́ kónífà àti títutù yípo ọdún. Ohun tí igi ń so ló ń sọ ọ́ di kónífà, bí ewé ṣe ń gbélé lórí rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Bàbá tó bí bàbá mi, àgbẹ̀ ni wọ́n, wọn ò kàwé, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ṣi ohùn sọ lójú wọn ẹ máa tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹta. Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu wọn rí pé igi kan kì í wọ́wé. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé igi yìí ń tutù yọ̀yọ̀ yípo ọdún. Ọ̀rọ̀ ti wà lẹ́nu àgbà kí àwa tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀dá! Ibẹ̀ ni mo ti mú tèmi fún igi tí ewé rẹ̀ kì í wọ́ tán lẹ́ẹ̀kan náà: atutùyípo. Ẹ wò ó dáadáa, tutù ni, ọ̀rọ̀-ìṣe, kì í ṣe tútù. Ẹni tó bá kọ ọ́ ní "atútùyípo" ti gbé ọ̀rọ̀-àpèjúwe sí ibi tí àfòmọ́ a- tó wà níwájú ò ti lè gbà á.

Fún kónífà fúnra rẹ̀, onípẹ̀ẹ́ ni mo fẹ́. Ilé là á wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Ohun ribiti tí Agathis ń so, kì í ṣe èso tí ẹran-ara bo hóró rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìpẹ́ ló to léra wọn bí ìpẹ́ ẹja, hóró á sì dùbúlẹ̀ ní ìhòòhò lórí ìpẹ́. Ó tó bí ọdún méjì kó tó gbó, tó bá gbó, orí igi níbẹ̀ náà ni àwọn ìpẹ́ á ti tú, hóró tó ní ìyẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan á bá atẹ́gùn lọ. Richard Salisbury, onímọ̀ nípa ewéko tó sọ ọ́ ní Agathis lọ́dún 1807, ohun ribiti yìí ló wò, ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó mú ń tọ́ka sí òwú tá a ká bíi bọ́ọ̀lù. Àwọn Malay ní tiwọn wo oje, wọ́n ń pè é ní damar, ọ̀rọ̀ kan náà tí wọ́n ń lò fún ògùṣọ̀. Kò sí ìkankan nínú wọn tó fi ewé sọ ọ́ lórúkọ.

Àwọn kan ti ń kọ ọ́ ní "onípẹ́", ẹ jọ̀ọ́ o. Oní àti ìwé ló di oníwèé, oní àti ìlú ló di onílùú, ìpẹ́ náà kò gbọdọ̀ pàdánù ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹnìkan ní Podocarpus, tóun náà jẹ́ kónífà, ò ní ìpẹ́, pé hóró rẹ̀ jókòó lórí nǹkan rírọ̀ tí ẹyẹ ń jẹ. Ìpẹ́ ìdí rẹ̀ ló lẹ̀ mọ́ra tó sì wú, ìpẹ́ náà ṣì ni.

Àti pé oje ni o, ohùn àárín méjì! Àbúrò wa kọ "òjé igi", òjé tí alágbẹ̀dẹ ń yọ́ ni ìyẹn. Oje Agathis tó bá dì ni wọ́n ń fi ṣe fánìṣì.

Ó ku ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ẹbí Agathis gbilẹ̀ gan-an, láti erékùṣù Sumatra àti Borneo gba Philippines àti New Guinea títí dé Fiji àti New Zealand, àwọn kan lórí òkè, àwọn kan ní pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ní Borneo, ọ̀kan nínú wọn máa ń hù lórí iyanrìn funfun tí kò lọ́ràá, tí àwọn Iban, ẹ̀yà kan níbẹ̀, ń pè ní kerangas, ilẹ̀ tí ìrẹsì kì í hù. Àbúrò wa túmọ̀ ìyẹn sí aṣálẹ̀. Mo mọ̀ pé ṣá wà nínú aṣálẹ̀, ilẹ̀ yẹn náà sì ṣá, ṣùgbọ́n òjò ibẹ̀ pọ̀, igbó sì ni, aṣálẹ̀ ti di ibi tí kò sómi lójú gbogbo èèyàn. "Ilẹ̀ ṣíṣá" ló wá sí mi lọ́kàn, kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn torí ilẹ̀ tí èèyàn dáko sí títí tó fi rẹ̀ ẹ́ ni mo máa ń gbọ́ ọ fún. Ẹni tó bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ kan pàtó lẹ́nu àgbẹ̀ fún ilẹ̀ oníyanrìn tí òjò ti fọ ọ̀rá rẹ̀ lọ, kó jọ̀ọ́ kọ ọ́ síbí, kó sì fi àmì ohùn sí i.