Àbọ̀ ọ̀rọ̀ Z620 mi: processor tuntun ti wọlé

Ẹ rántí pé mo fẹ́ pààrọ̀ processor méjèèjì (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) inú kọ̀ǹpútà HP Z620 mi. Ẹni tó ní kí n kọ́kọ́ wo Boot Block Date (ọjọ́ tí wọ́n kọ sí apá ìpìlẹ̀ rẹ̀) nínú BIOS, ètò tó máa ń jí kọ̀ǹpútà, ẹ ṣeun gan-an. 2011 ni mo bá níbẹ̀. Tí kò bá ti jẹ́ 2013, kọ̀ǹpútà náà kò lè gba processor ìran kejì, E5-2600 v2, bó ti wù kéèyàn ṣe update BIOS tó. Mo bá ra E5-2670 méjì tí kì í ṣe v2, kórò (ẹ̀yà tó ń ṣe iṣẹ́ inú processor) 8 lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ha ìpara àtijọ́ (thermal paste, tó ń gbé ooru kúrò lára processor) tó ti gbẹ kúrò, mo fi tuntun sí i, kọ̀ǹpútà sì tàn. Fídíò ń yára jáde báyìí. RAM (ìrántí kọ̀ǹpútà) ló kù: processor yìí lè lo èyí tó ń yára dé 1600 MHz, àmọ́ 1333 ni tèmi. Ó di ìgbà tówó bá dé.