Àwíjàre ìgbàgbọ́ ni mo fara mọ́, kì í ṣe ìgbèjà ìgbàgbọ́

Ẹ̀yin àgbà èdè àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín láti Adó-Èkìtì. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé, kí ni ká máa pe ẹ̀kọ́ tí àwọn Kìrìsìtẹ́nì fi ń ṣàlàyé ìdí tí wọ́n fi gba ohun tí wọ́n gbà gbọ́, tí wọ́n sì fi ń fi ẹ̀rí àti ìwé dá alátakò lóhùn? Apologetics ni wọ́n ń pè é lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹnìkan dábàá ìgbèjà ìgbàgbọ́, ọ̀pọ̀ sì ti tẹ̀ lé e. Ẹlòmíràn ní ìdáhùn ìgbàgbọ́ ti tó. Ẹni kẹta mú àwíjàre wá, kíá ni wọ́n pa á lẹ́nu mọ́ pé àwíjàre ò yàtọ̀ sí àwáwí. Ẹni kẹta yẹn gan-an ni mo wá tì lẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára. Àwọn ọ̀dọ́ ni mò ń kọ́ ní Bíbélì nínú ìjọ wa, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì sì ni púpọ̀ nínú wọn. Ìbéèrè wọn kì í ṣe ti eré. Wọ́n á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló sọ pé Jésù gbé ayé rí?" Wọ́n á ní, "Ṣé kì í ṣe ẹ̀sìn òyìnbó la gbà yìí?" Nígbà tí mo sọ fún wọn pé ẹ̀kọ́ kan wà tó dá lórí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, tí mo sì fi èdè Gẹ̀ẹ́sì pe orúkọ rẹ̀, ìtọrọ àforíjì ni púpọ̀ nínú wọn gbọ́. Wọ́n rò pé ńṣe ni Kìrìsìtẹ́nì fẹ́ máa bẹ aráyé kí wọ́n má bínú pé òun gba Jésù gbọ́. Ọ̀rọ̀ Yorùbá tó mọ́lẹ̀ ló lè yọ wọ́n nínú èyí. Bí a bá sì yàn án ní ìyànkúyàn, ẹ̀kọ́kẹ́kọ̀ọ́ ni ọ̀rọ̀ náà yóò máa kọ́ àwọn ọmọ lẹ́yìn tiwa. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Èṣù. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì fi orúkọ òrìṣà ilẹ̀ wa pe ọ̀tá Ọlọ́run, odindi Bíbélì Yorùbá jáde ní 1884, àwọn onímọ̀ sì ti pariwo títí pé ọ̀tọ̀ ni èyí, ọ̀tọ̀ ni tọ̀hún. Ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lẹ́nu ìjọ mọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo ìgbèjà dáadáa. Ẹni tó bá gbèjà ẹnìkan ti yan ẹ̀gbẹ́ kó tó gbọ́ ọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ń na àbúrò mi ní ọjà Ọba, màá kọ́kọ́ gbèjà rẹ̀ ná, kí n tó béèrè ohun tó ṣe. Ẹ̀jẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ò ní àbùkù ní ààyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀kọ́ tí à ń wá orúkọ fún yìí kọ́kọ́ ń béèrè ni pé "ṣé òótọ́ ni?" Ìgbèjà kì í béèrè ìyẹn.

Èyí tó tún wúwo jù fún mi wà nínú ìwé Àwọn Onídàájọ́, orí 6. Gídéónì wó pẹpẹ Báálì lóru, àwọn ará ìlú sì dìde láàárọ̀ pé àfi kí wọ́n pa á. Jóáṣì, bàbá rẹ̀, bi wọ́n bóyá àwọn ni wọ́n fẹ́ máa gbèjà Báálì. Ó ní bó bá jẹ́ ọlọ́run lóòótọ́, kó jà fún ara rẹ̀. Ẹni tí kò lè dìde fúnra rẹ̀ ni ènìyàn ń gbèjà. Bí a bá wá sọ ẹ̀kọ́ yìí ní ìgbèjà, ṣé kì í ṣe pé a ti fi Ọlọ́run alààyè sí ibi tí Báálì wà láàárọ̀ ọjọ́ náà?

Ẹnìkan fa ìwé Júúdà yọ, ẹsẹ 3, níbi tó ti ní kí a máa jà gidigidi fún ìgbàgbọ́. Mo gbà pé ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí Júúdà ń bá wí níbẹ̀ ni àwọn olùkọ́ èké tó yọ́ wọ inú ìjọ. Ọ̀rọ̀ inú ilé ni. Ẹni tó ń bi wá ní ìbéèrè láti ìta kì í ṣe ọ̀tá tó yọ́ wọlé. Bí wọ́n bá sì ń fi ẹ̀tọ́ onígbàgbọ́ kan dù ú, tí àwọn kan bá a dé kóòtù, kí a pe ìyẹn ní ìgbèjà onígbàgbọ́. Ènìyàn ni wọ́n gbèjà.

Ìdáhùn ńkọ́? Ibi tí gbogbo ẹni tó fẹ́ràn ẹ̀kọ́ yìí máa ń bẹ̀rẹ̀ ni Pétérù Kìn-ín-ní 3:15, níbi tí àpọ́sítélì ti ní kí a múra tán nígbà gbogbo láti dá ẹni tó bá béèrè ìdí ìrètí wa lóhùn, pẹ̀lú ọkàn tútù àti ìbẹ̀rù. Apologia ni ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó wà níbẹ̀. Àwọn bàbá wa tó túmọ̀ rẹ̀ sí dá lóhùn ṣe dáadáa, nítorí ó dùn létí nínú gbólóhùn. Ṣùgbọ́n kò tó orúkọ. "Mi ò mọ̀" ìdáhùn ni. Èébú náà ìdáhùn ni.

Apologia kì í ṣe ìdáhùn kan ṣáá. Ní ilé ẹjọ́ Áténì, òun ni ọ̀rọ̀ tí olùjẹ́jọ́ máa ń sọ fúnra rẹ̀ nígbà tí olùpẹ̀jọ́ bá ti wí tẹnu rẹ̀ tán. Orúkọ yìí náà ni Plato, ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Gíríìkì, fún ìwé tó kọ nípa ohun tí Socrates ọ̀gá rẹ̀ sọ nígbà tí wọ́n ń dá a lẹ́jọ́ ní 399 ṣáájú ìbí Krístì. Ọ̀rọ̀ kan náà ni Pọ́ọ̀lù lò nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 22, nígbà tó dúró lórí àtẹ̀gùn ní Jerúsálẹ́mù tó ń bá àwọn tó fẹ́ lù ú pa sọ̀rọ̀. Ẹ̀sùn wà níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ló ń sọ̀rọ̀. Àwọn tó ń gbọ́ ni yóò pinnu. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí a ti kó jọ síbí, ọ̀kan ṣoṣo ló gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwíjàre ni ohun tí a wí kí a lè jàre, ẹnikẹ́ni kì í sì í fún ara rẹ̀ ní àre. Àwọn tó jókòó gbọ́ ẹjọ́ ló ń sọ ẹni tó jàre àti ẹni tó jẹ̀bi.

Mo mọ̀ pé àwọn òbí àti ọ̀gá a máa sọ fún ọmọ tó pẹ́ dé pé "má ṣe àwíjàre fún mi níbí." Ní Èkìtì níbí náà, a máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ ká da ọ̀rọ̀ méjì pọ̀. Àwáwí ni ohun tí ènìyàn wá kiri kó tó rí wí, nítorí kò ní òótọ́ lọ́wọ́. Àwíjàre lè jẹ́ òótọ́, ó sì lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀; ẹ̀rí ló máa sọ. Ẹni tó jẹ̀bi náà a máa ṣe àwíjàre, ṣùgbọ́n ìyẹn ò sọ àwíjàre di ẹ̀bi. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ọ̀rọ̀ náà gan-an nìyẹn: ó gbà kí wọ́n yẹ òun wò.

Ìtàn náà sì tì í lẹ́yìn. Ní nǹkan bí ọdún 155, Justin, Kìrìsìtẹ́nì kan tí wọ́n bí sí ìlú tí à ń pè ní Nablus lónìí, kọ̀wé sí Antoninus Pius, olú ọba Róòmù. Ẹ̀sùn tó wà nílẹ̀ ni pé àwọn Kìrìsìtẹ́nì kò gba ọlọ́run kankan gbọ́ nítorí pé wọn kò bọ òrìṣà ìlú, àti pé wọ́n ń hu ìwàkiwà nínú ìpàdé wọn. Justin ò ní kí wọ́n ṣàánú. Ó ní kí wọ́n wádìí, kí ẹni tó bá hùwà ibi jìyà rẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n má fìyà jẹ ẹnikẹ́ni nítorí orúkọ Kìrìsìtẹ́nì nìkan. Ó wá tú ohun tí wọ́n ń ṣe lọ́jọ́ Àìkú palẹ̀: wọ́n ń ka ìwé àwọn àpọ́sítélì àti wòlíì, wọ́n ń gbàdúrà, wọ́n ń pín àkàrà àti wáìnì, wọ́n ń dá owó fún opó àti ọmọ òrukàn. Ní nǹkan bí ọdún 165, wọ́n pa á ní Róòmù. Ní 197, Tertullian, Kìrìsìtẹ́nì òǹkọ̀wé ará Carthage, béèrè lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ ìdí tí wọ́n fi ń dá àwọn Kìrìsìtẹ́nì lẹ́bi láìgbọ́ ẹjọ́ wọn. Àwọn àgbà wa ní, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Òwe yẹn gan-an ni Tertullian ń sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè Látìn ló fi sọ ọ́.

Origen ará Alẹkisáńdríà ló wú mi lórí jù nínú gbogbo wọn. Celsus, ẹni tó mọ̀wé dáadáa, ti kọ ìwé kan láti fi kọ lu ìgbàgbọ́ ní ọ̀rúndún kejì. Ní nǹkan bí ọdún 248, Origen kọ ìwé mẹ́jọ láti fi dá a lóhùn. Kó tó sọ ohunkóhun, ó ní Jésù fúnra rẹ̀ dákẹ́ nígbà tí wọ́n ń jẹ́rìí èké mọ́ ọn, bí ẹni ń sọ pé òun mọ̀ pé Olúwa kò nílò òun. Lẹ́yìn náà, ó mú ọ̀rọ̀ Celsus ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà, ó sì dá a lóhùn. Ìwé Celsus ti sọnù báyìí. Inú ìwé Origen ni a ti rí èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí a mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹ rò ó wò o! Alátakò ìgbàgbọ́ ṣì ń sọ̀rọ̀ títí dòní nítorí pé onígbàgbọ́ kan kò fẹ́ kí a gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan ṣoṣo. Ta ni nínú wa tó ń gbèjà, tí yóò tọ́jú ọ̀rọ̀ ọ̀tá rẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Ìbéèrè àwọn ọmọ nípa ẹ̀sìn òyìnbó rí ìdáhùn níbí pẹ̀lú. Carthage wà ní Tùnísíà òde òní, Alẹkisáńdríà wà ní Íjíbítì. Ìwé Tertullian ti wà fún ohun tó lé ní 1600 ọdún kí àwọn míṣọ́nnárì Freeman àti Townsend tó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1842.

Ẹnìkan bi wá bóyá agbẹjọ́rò ìgbàgbọ́ ò dára fún ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Rárá. Agbẹjọ́rò gba ẹjọ́ ẹlòmíràn rò ni, owó lè jẹ́ tirẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ má sí níbẹ̀. Orí Justin lọ sí i. Alágbàwí náà ò ṣe é lò, nítorí Jòhánù Kìn-ín-ní 2:1 ti fi pe Jésù Krístì lọ́dọ̀ Baba. Òun ló ń gbà wá wí.

Bàbá kan tí mo bọ̀wọ̀ fún sọ ohun tí kò yẹ ká fo dá. Ó ní kì í ṣe àlàyé ló yí Èkìtì lọ́kàn padà, pé nígbà ìsọjí 1930, tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá dé Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè, àdúrà àti ìwòsàn ló ṣiṣẹ́, kì í ṣe ìwé. Òótọ́ ni bàbá sọ. Mo dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí ni àwọn iṣẹ́ àmì náà, ẹni tí ojú rẹ̀ là sì ń ṣe àwíjàre bó ṣe ń sọ ọ́. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ kò sí níbẹ̀ ní 1930. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni ohun tí Pọ́ọ̀lù fún àwọn ará Kọ́ríńtì nínú ìwé kìn-ín-ní, orí 15: ó ka àwọn ẹlẹ́rìí àjíǹde, ó ní èyí tó ju 500 lọ rí Olúwa lẹ́ẹ̀kan náà, púpọ̀ nínú wọn sì wà láàyè nígbà tí òun ń kọ̀wé. Ìyẹn ni pé kí wọ́n lọ bi wọ́n. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ náà pé Tacitus, òpìtàn Róòmù tí kò fẹ́ràn Kìrìsìtẹ́nì rárá, kọ ọ́ sílẹ̀ pé Pọ́ńtíù Pílátù ló pa Krístì nígbà ìjọba Tìbéríù, àti pé ní 1961, wọ́n hú òkúta kan ní Kesaríà tí wọ́n gbẹ́ orúkọ Pílátù sí. Òkúta ò lè sọ ẹnikẹ́ni di onígbàgbọ́. Ṣùgbọ́n nínú ẹjọ́, ẹlẹ́rìí kan kì í ṣe kékeré.

Àwọn kan fẹ́ kí a fi "ti Krístì" kún un, kí ẹnikẹ́ni má bàa béèrè pé ìgbàgbọ́ wo. Mi ò rò pé ó pọn dandan. Ọ̀pọ̀ ìyá àgbà níbí, bí o bá bi wọ́n ní ẹ̀sìn wọn, wọ́n á ní onígbàgbọ́ ni àwọn, ó sì tán. Bí mùsùlùmí bá fẹ́ lo ọ̀rọ̀ náà, kó ní àwíjàre Ìsìláàmù, kò sí ìjà. Ṣebí ọwọ́ wọn ni a ti gba àdúrà, ìwàásù àti àlùfáà.

Nítorí náà, àbá mi nìyí: àwíjàre ìgbàgbọ́ fún ọ̀rọ̀ tàbí ìwé tí ẹnìkan kọ, ẹ̀kọ́ àwíjàre ìgbàgbọ́ fún ìmọ̀ náà lápapọ̀, ṣe àwíjàre fún ìgbàgbọ́ fún ọ̀rọ̀-ìṣe. Ní ti ẹni tó ń ṣe é, olùṣàwíjàre ti gùn jù. Aláwíjàre ni mo fẹ́, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń sọ aláàbò àti aláṣẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá ní èyí tó sàn jù ú lọ fún ẹni náà, kó mú un wá kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò.