MGB bàbá wa ní Láfíàjì: ṣé kí n tún un ṣe kí n tó tà á?

ỌmọLáfíàjì
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Bàbá wa fi ọkọ̀ MGB ọdún 1966 sílẹ̀, ọkọ̀ kékeré kan láti Ìlú Ọba, èyí tí wọ́n ń ká orí rẹ̀ sẹ́yìn. Ọwọ́ ọ̀tún ni awakọ̀ ń jókòó sí, torí Nàìjíríà ò tíì kúrò lọ́wọ́ òsì títì nígbà tí wọ́n rà á. Ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972 la bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Ó ti pẹ́ gan-an lábẹ́ àtíbàbà lẹ́yìnkùlé. Atẹ́gùn ọ̀sà ti bá a jà: tí mo bá fìka tẹ irin abẹ́ ilẹ̀kùn, á máa dà sílẹ̀ bíi gàrí. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì wà níbẹ̀, kábúrẹ́tọ̀ méjèèjì sì pé. Itan bàbá mi ni mo máa ń jókòó lé nínú rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú tí a bá ń lọ sí Marina.

Wọ́n fẹ́ wó ilé náà, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ kúrò kóṣù tó parí. Ẹni tó ń ra irin àlòkù ní òun á wọ̀n ọ́n ní kílò. Pánẹ́ẹ̀lì-bítà kan ní kóun fi pọ́tì, ìyẹn àtè tí wọ́n fi ń dí ara ọkọ̀, dí gbogbo ihò, kóun kùn ún ní pupa, pé owó gidi ló máa pa. Ẹ gbà mí níyànjú. Kò wù mí kó di irin rárá.

MẹkáníìkìÀtijọ́, Sùúrùlérè
Àbúrò, má jẹ́ kó fi pọ́tì kàn án! MGB ò ní férémù lábẹ́ bíi ti ọkọ̀ akẹ́rù. Irin abẹ́ ilẹ̀kùn yẹn gan-an ló di iwájú mọ́ ẹ̀yìn, pàápàá èyí tí kò lórí. Tó bá jẹrà tí wọ́n fi pọ́tì bò ó, bí wọ́n bá ti fi jáàkì gbé e sókè, ilẹ̀kùn ò ní pa dé mọ́. Olùrà tó mọ ọkọ̀ yìí, mágínẹ́ẹ̀tì ló máa kọ́kọ́ yọ lápò. Mágínẹ́ẹ̀tì ò lè gbá pọ́tì mú. Ibẹ̀ ni yóò ti pè ọ́ ní gbájúẹ̀. Irin tuntun rẹ̀ ṣì wà lọ́jà ní Ìlú Ọba. Jẹ́ kó rí ihò, kó ṣírò tirẹ̀.

Má sì jẹ́ kí ríwáyà kankan gbé bátìrì sí i. Bátìrì méjì ló ń lò, fólítì 6 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yìn ìjókòó ni wọ́n wà. Orí pọ́sítíìfù ni wọ́n so mọ́ ara ti 1966, kì í ṣe nẹ́gẹ́tíìfù bíi ti ìsinsìnyí. Ọmọṣẹ́ mi kan ṣe é lódì rí, rédíò jóná lójú wa.

Yọ púlọ́ọ̀gì, da ọ́ìlì díẹ̀ sí ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, fi sílẹ̀ fọ́jọ́ mẹ́ta, kí o wá fọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì. Tó bá yí, ya fídíò rẹ̀ fún olùrà.

ÌyáOníwèé
Ìwé ńkọ́? Ẹ gba ìwé àṣẹ ogún ní ilé-ẹjọ́ gíga kẹ́ ẹ tó gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. British Motor Museum ní Gaydon ní Ìlú Ọba náà ní àkọsílẹ̀ ọjọ́ tí wọ́n ṣe é ní Abingdon, àwọ̀ rẹ̀ àti nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì. Ẹ sanwó, wọ́n á fún yín ní ìwé ẹ̀rí.

ỌmọLáfíàjì
Ẹ ṣeun, mà. Mo fi kẹrosíìnì nu àwo nọ́ńbà abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì: GHN3, àmì MGB tí wọ́n ń ká orí rẹ̀, ló fi bẹ̀rẹ̀. Rìsíìtì wà nínú Bíbélì bàbá mi, pọ́n-ùn ni wọ́n fi kọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n, púlọ́ọ̀gì mẹ́ta ti jáde, ìkẹrin kọ̀ jálẹ̀. Ṣé kí n fi òòlù gbá a?

MẹkáníìkìÀtijọ́
Má dán an wò! Da ọ́ìlì sí ìdí rẹ̀, kó sùn. Mo ń bọ̀ ní Sátidé.