Gílóòbù ń ṣẹ́jú lẹ́yìn tí mo fi rẹ̀sítọ̀ sí ẹsẹ̀ GND ṣíìpù súwíìṣì

Olùbéèrè:
Ẹ̀yin ọ̀gá mi, mo kí yín. Mo ń ṣe sákíìtì kan tí yóò máa tan gílóòbù mẹ́rin nínú ọkọ̀ tí bátìrì rẹ̀ jẹ́ 12 V. Ṣíìpù súwíìṣì náà (ṣíìpù tó ń tan iná, tó sì ń pa á) wà láàárín pọ́sítíìfù bátìrì àti àwọn gílóòbù, microcontroller (kọ̀ǹpútà kékeré kan) tó ń pàṣẹ fún un sì ń lo 3.3 V. Nítorí pé ẹnìkan lè ṣèèṣì so bátìrì sódì, mo fi rẹ̀sítọ̀ 1 kΩ sáàárín ẹsẹ̀ GND (ẹsẹ̀ ilẹ̀) ṣíìpù náà àti ilẹ̀ sákíìtì, ìyẹn ọ̀nà nẹ́gétíìfù bátìrì. Mo so wáyà sódì ní 14 V fún ìṣẹ́jú kan, kò sì sí ohun tó jó. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dá wáyà pa dà sí ipò rẹ̀, gílóòbù kan ń tàn dáadáa, bí mo bá sì tan mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Mítà tí mo fi sáàárín ẹsẹ̀ GND àti ilẹ̀ kò dúró sójú kan. Láàárín 1 V sí 2 V ló ń rìn. Ṣé ṣíìpù yìí ti bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn kìíní:
Ẹ kú iṣẹ́. Ṣíìpù yín kò bàjẹ́, ilẹ̀ rẹ̀ ló ń gòkè. Kì í ṣe ilẹ̀ microcontroller ni ṣíìpù fi ń wọn àṣẹ tó wọlé, ẹsẹ̀ GND tirẹ̀ ni. Bí ojú súwíìṣì kọ̀ọ̀kan (ojú kan fún gílóòbù kan) bá ń fa nǹkan bí 1 mA gba ẹsẹ̀ náà, ojú kan á gbé e sókè ní 1 V, àṣẹ 3.3 V yóò sì di 2.3 V lójú ṣíìpù, èyí tó ṣì tó fún èyí tó pọ̀ jù nínú irú ṣíìpù bẹ́ẹ̀, nítorí 2.1 V ni wọ́n sábà máa ń béèrè. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá tàn, ilẹ̀ náà fẹ́ gòkè dé 4 V, ó ju àṣẹ fúnra rẹ̀ lọ, ṣíìpù á sì gbà pé ẹ ti ní kí òun pa iná. Bó bá ti pa á, ilẹ̀ á sọ̀kalẹ̀, àṣẹ á tún tó, iná á tún tàn. Ìdí nìyẹn tí mítà yín kò fi dúró.

Ẹ má yọ rẹ̀sítọ̀ náà o. Ẹ so dáyódù (ohun tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo) pọ̀ mọ́ ọn ní ẹ̀gbẹ́ẹ̀gbẹ́, kí ánóòdù (ibi tí iná ń gbà wọlé) wà lọ́dọ̀ ẹsẹ̀ GND, kí káátóòdù (ibi tó ń gbà jáde) wà lọ́dọ̀ ilẹ̀. Ilẹ̀ ṣíìpù kò ní lè ga ju nǹkan bí 0.7 V lọ mọ́, ìbáà jẹ́ ojú kan ló tàn tàbí mẹ́rin. Bí bátìrì bá sì wà lódì, dáyódù á dí, 1 kΩ nìkan ni iná á gbà, kò sì ní ju 14 mA lọ.

Ìdáhùn kejì:
Mo fara mọ́ ọn, mo sì fẹ́ fi ohun méjì kún un. Ẹ fi 10 kΩ sórí wáyà àṣẹ kọ̀ọ̀kan, nítorí pé nígbà tí bátìrì bá wà lódì, iná lè gba ẹsẹ̀ microcontroller wọ inú ṣíìpù. Bí ṣíìpù yín bá sì ní ẹsẹ̀ tó ń sọ iye iná tí gílóòbù ń jẹ, ilẹ̀ microcontroller ni kí rẹ̀sítọ̀ rẹ̀ lọ. Mo ti so ó mọ́ ẹsẹ̀ GND rí, odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń wá ibi tí 0.6 V tó lé ti wá.

Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé dáyódù GND kò dáàbò bo ọ̀nà gílóòbù rárá. Bí bátìrì bá wà lódì, iná á gba dáyódù tó wà nínú MOSFET (tiransísítọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ súwíìṣì) ṣíìpù náà fúnra rẹ̀ kọjá. MOSFET 20 mΩ tó ń gbé 5 A máa ń sọ 0.5 W di ooru. Lódì, 5 A kan náà pẹ̀lú 0.7 V á di 3.5 W. ISO 16750-2 (ìlànà ìdánwò fún ẹ̀rọ iná inú ọkọ̀) ní kí ẹ̀rọ fara da −14 V fún ìṣẹ́jú kan, nítorí náà ẹ fọwọ́ kan ṣíìpù náà bí ẹ bá ti parí ìdánwò, kí ẹ mọ bó ṣe gbóná tó.

Olùbéèrè:
Mo dúpẹ́ gan-an. Mo ti fi dáyódù sí i, mítà ka 0.62 V, ó sì dúró síbẹ̀ bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe ń tàn láìṣẹ́jú. Ṣé kò ní sàn kí n fi MOSFET kan ṣoṣo dí ẹnu ọ̀nà gbogbo sákíìtì?

Ìdáhùn kẹta:
Ó sàn, bí àyè bá wà, nítorí pé ó dí ọ̀nà gílóòbù náà. Ṣùgbọ́n ẹ fi sí ọ̀nà pọ́sítíìfù. Bí ẹ bá fi sí ọ̀nà nẹ́gétíìfù, 5 mΩ pẹ̀lú 20 A á gbé ilẹ̀ gbogbo sákíìtì sókè ní 0.1 V, sẹ́ńsọ̀ tí ilẹ̀ rẹ̀ wà lára ọkọ̀ yóò sì máa ka ohun tí kì í ṣe òótọ́ fún yín. MOSFET irú P-channel ló rọrùn jù níbẹ̀, ẹ ṣáà rí i pé dáyódù Zener (èyí tí kì í jẹ́ kí fóltéèjì kọjá ìwọ̀n kan) wà láàárín ẹsẹ̀ gate àti ẹsẹ̀ source rẹ̀. Bí ẹ bá fi ti GND sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹ wo iye fóltéèjì tí dáyódù náà lè dí: ìkíní nínú àwọn ìdánwò ISO 7637-2 (ìlànà fún fóltéèjì òjijì nínú wáyà ọkọ̀) lè dé −150 V nínú ọkọ̀ 12 V.