Èsì: Ta ni «amulẹru» nínú ìwé yìí, Jim ni àbí Miss Watson?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àtijọ́ o.

Mo ti ka àwọn orí tí ẹ̀gbọ́n wa fi ránṣẹ́ nínú ìtumọ̀ Adventures of Huckleberry Finn, mo sì ka àkójọ ọ̀rọ̀ tuntun tí wọ́n so mọ́ ọn nídìí. Iṣẹ́ ńlá ni. Huck, ọmọ tí kò jókòó ní ilé ìwé, ló ń sọ ìtàn Mark Twain láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí òun àti Jim, ẹrú tó sá fún Miss Watson olówó rẹ̀, ṣe jọ ń bá odò lọ; kò rọrùn láti fi Yorùbá sí i lẹ́nu kó má dún bí ìwé ìròyìn. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, kí ni «amulẹru» tí ẹ fi rọ́pò «ẹrú»?

Wọ́n ní ìdí tí wọ́n fi ṣẹ̀dá rẹ̀ ni pé àwọn òǹkọ̀wé Amẹ́ríkà ti ń yẹra fún pípe ènìyàn ní ẹrú, pé ẹni tí wọ́n fi tipátipá mú sìn ni wọ́n ń pè é báyìí. Ó dáa. Ẹ wá wo «a» tó wà níwájú. Apẹja ló ń pa ẹja. Apànìyàn kì í ṣe òkú. Amúnisìn ni òyìnbó tó wá gba ilẹ̀, kì í ṣe àwa tí wọ́n mú sìn. Bí amúlẹ́rú bá wà nínú ìwé yìí, Miss Watson ni! Òun ló ni Jim, òun ni Jim gbọ́ tó ń sọ pé òun fẹ́ tà á lọ sí New Orleans ní 800 dọ́là, tí ọkùnrin náà fi fẹsẹ̀ fẹ́ẹ lọ sá pamọ́ sí erékùṣù Jackson. Ẹ ti fi orúkọ olówó pe ẹrú.

Àbúrò wa kan ti sáré fèsì pé àmì ohùn ló fò, pé «àmúlẹ́rú» ni kí a kà á, bí àbíkú, bí àgbàtọ́, bí àyànfẹ́. Gírámà rẹ̀ tọ̀nà. Ẹni tí wọ́n gbà tọ́ ni àgbàtọ́. Àmọ́ mélòó nínú wa ló ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ lórí fóònù? Àbúrò fúnra rẹ̀ kò fi ẹyọ kan sí i nínú èsì tó fi ń kọ́ wa ní àmì. Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ pé ohùn ìsàlẹ̀ kan ṣoṣo ló ya ẹrú sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó mú un, ẹ má fi lé òǹtẹ̀wé lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ kejì ni «mú» yẹn. Ogun ni wọ́n fi ń múni. Ta ló mú Jim? Ní Virginia ní 1662 ni wọ́n ti ṣòfin pé ipò ìyá ni ọmọ yóò jogún, àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn sì tẹ̀ lé e. Ní 1808, Amẹ́ríkà fòfin de kíkó ẹrú wọlé láti òkè òkun. Ní Missouri, ní nǹkan bí ọdún 1835 sí 1845 tí ìtàn yìí wáyé, inú ẹrú ni wọ́n ń bí ọ̀pọ̀ jù lọ wọn sí. Kò sí ogun, kò sí ìgbèkùn. Obìnrin bímọ, ọmọ di ti ẹni ẹlẹ́ni kó tó lajú. Ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti burú jù gan-an ni «àmúlẹ́rú» fò dá.

Ti ẹni tó ní kí a fi «ìwọ̀fà» rọ́pò «ẹrú», mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Samuel Johnson ti là á yé wa nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní 1921 pé ọmọlúàbí tó lómìnira ni ìwọ̀fà. Owó ló so ó mọ́lẹ̀. Tí wọ́n bá san án, ó di ilé. Gbèsè wo ni Jim jẹ?

Ẹrú ni kí ẹ kọ. Ìyá tó bí bàbá mi, bí ọ̀rọ̀ agboolé kan ládùúgbò wa bá délẹ̀, á kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò, á wá rẹ ohùn sílẹ̀, nígbà mìíràn ètè nìkan ni yóò fi pe «ẹrú». Bó ṣe wúwo lẹ́nu àwọn àgbà nìyẹn, bí a ṣe fẹ́ kó wúwo lójú ẹni tó ń kà á sì nìyẹn. Àjàyí Crowther, tí wọ́n kó ní Òṣogùn ní 1821 tí wọ́n sì tà látọwọ́ dé ọwọ́, kò wá ọ̀rọ̀ tó rọ̀ nígbà tó ń ṣe kòkáárí ìtumọ̀ Bíbélì. Oko ẹrú ló wà níbẹ̀. Oko Phelps tí wọ́n ti Jim mọ́ ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n pè é ní «ilé iṣẹ́ ọ̀gbìn». Háà!

Ẹ ka orí 23 padà. Jim jókòó lóru, ó ń sunkún nítorí Elizabeth ọmọ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ibà tó le ni. Bàbá ní kó ti ilẹ̀kùn, ọmọ dúró, ó ń rẹ́rìn-ín sí i. Bàbá gbá a létí. Ìgbà tí afẹ́fẹ́ gbá ilẹ̀kùn pa gbàgà lẹ́yìn ọmọ tí ọmọ kò sì mira ni bàbá mọ̀ pé ibà ti di í létí. Ẹrú kú, ìyá ò gbọ́... ẹ̀yin náà ẹ mọ bó ṣe parí. Ẹ wá fẹ́ kí «àmúlẹ́rú» ṣe iṣẹ́ tí òwe yẹn ń ṣe?

Ọ̀rọ̀ kan tó tún bí mi nínú ni «ìtàn ìdàgbàsókè» tí wọ́n fi ṣàpèjúwe ìwé náà. Ìjọba ìbílẹ̀ ló ni ìdàgbàsókè, ti títì àti omi ẹ̀rọ. Ìbàlágà náà kọ́, ìyẹn ti ara ni. Huck gbọ́njú ni. Ìtàn ìgbọ́njú ni. Ní orí 16, Jim ń sọ pé òun yóò kówó jọ ra ìyàwó òun, àwọn méjèèjì á wá ṣiṣẹ́ ra ọmọ, bí olówó wọn bá kọ̀, àwọn á wá ẹni tí yóò bá àwọn jí wọn. Huck ń ṣàánú olówó àwọn ọmọ náà, ọkùnrin tí kò mọ̀ rí! Kò tíì gbọ́njú nìyẹn. Nígbà tó di orí 31, ó ti kọ lẹ́tà tí yóò fi tú Jim fó fún Miss Watson, ó wò ó, ó fà á ya. Ẹ̀gbọ́n túmọ̀ ohun tó sọ níbẹ̀ sí «Mo gbà láti lọ sí ọ̀run àpáàdì», bí ẹni ń fèsì nínú ìpàdé ìjọ. Ọmọ tó ti mí kanlẹ̀ ni. «Ó dáa náà, kí n kúkú re ọ̀run àpáàdì.» Ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ibi tí Jim ti pe ẹni tó ń dójú ti ọ̀rẹ́ ní pàǹtí, lẹ́yìn tí kùrukùru ya òun àti Huck nípa lórí odò, ẹ ṣe é dáadáa. Mo kà á sókè.

Ó wá ku èébú. Ní 2011, ilé ìtẹ̀wé NewSouth ní Alabama gbé ẹ̀dà kan jáde tí Alan Gribben ti fi «ẹrú» rọ́pò ọ̀rọ̀ èébú tí wọ́n fi ń pe ènìyàn dúdú, ó sì lé ní ìgbà 200. Ariwo sọ. Ẹ̀gbọ́n fi «adúláwọ̀» sí i ní tiwọn. Adúláwọ̀, tí a fi ń yan níbi àpérò! Bẹ́ẹ̀ orí 6 kò sí nínú ohun tí ẹ fi ránṣẹ́, mo sì fura sí ìdí rẹ̀. Ibẹ̀ ni Pap, bàbá Huck, ọ̀mùtí paraku, ti ń bú ọ̀jọ̀gbọ́n dúdú kan láti Ohio tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, tó ní aago wúrà àti ọ̀pá olórí fàdákà, tó sì ń dìbò nílé. Ọkùnrin náà kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni, nítorí náà ọgbọ́n ti 2011 kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Adúláwọ̀ á sì dún bí oríkì. Kí ni ẹ fi sí Pap lẹ́nu? Ẹ fi ránṣẹ́ ká rí i.

Sí ẹni tó ní kí èmi tí mò ń gbé ní Houston, Amẹ́ríkà, dákẹ́: pátákó ìkọ̀wé ni mo fi ṣiṣẹ́ jẹun kí n tó wọ bàlúù. Yorùbá ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé.

Àfikún: ẹ má pe ohun tí Huck àti Jim ń gbé lórí odò Mississippi ní «ọkọ̀ ojú omi» mọ́. Ọkọ̀ ojú omi ló wá kọ lù ú ní orí 16, ẹ wo bí gbólóhùn yẹn ṣe rí lọ́wọ́ yín. Igi tí wọ́n so pọ̀ tó ń léfòó ni. Ẹni tó bá mọ àwọn tó máa ń fi ọ̀sà kó gẹdú wá sí Òkòbàbà ní Èkó kó bá wa bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń pè é.