Àgùàlà kì í ṣe ajá oṣù: ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí

Aránṣọ Pàkàtà

Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin ará Ìlọrin, ẹ̀yin ọmọ Ìgbómìnà, Ìbọ̀lọ́ àti Èkìtì Kwara. Ìrírí ni mo fẹ́ kí á sọ lónìí. Mi ò fẹ́ èyí tí lágbájá gbọ́ lẹ́nu tàmẹ̀dù o. Èyí tí ẹ fojú ara yín wò títí tí ohun tí ẹ ti gbà láti kékeré fi yí padà mọ́ yín lọ́wọ́ ni mo ń béèrè. Èmi ni n óò kọ́kọ́ tú tèmi sílẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀, 28 oṣù Èrèlé ọdún 2025, a gun òkè ilé kan ládùúgbò lọ wo oṣù ààwẹ̀. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ni. Mo rí ìmọ́lẹ̀ kan níwọ̀-oòrùn, ó mọ́ kedere, mi ò wò ó lẹ́ẹ̀mejì tí mo ti figbe ta: "Oṣù ti lé!" Áfáà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gbójú sókè, ó ní, "Ìwọ yìí, ṣé o ò mọ àgùàlà ni?" Ẹ̀rín tí wọ́n fi mí rín lálẹ́ ọjọ́ náà, ó tẹ̀ lé mi dé ṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà á wọlé, kó tó kí mi, á ní, "Olóṣù!"

Mo fẹ́ gbèjà ara mi, mo ní ṣebí ajá oṣù ni àgùàlà, ibi tí ajá bá wà, olówó rẹ̀ ò ní jìnnà. Bí ìyá àgbà mi ṣe kọ́ wa nìyẹn. Nígbà tó sì di alẹ́ Sátidé, oṣù tín-ín-rín jókòó síbẹ̀, àgùàlà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo fọ́n, mo ní ẹ ò wá rí i?

Ṣùgbọ́n yẹ̀yẹ́ yẹn ti dùn mí dé eegun. Mo ní n óò máa wò ó lálaalẹ́ lẹ́yìn ìṣínu. Ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n aṣọ oníbàárà ni mo fà yọ, mo ya ojú ewé kan sọ́tọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, oṣù ti gòkè ju àgùàlà lọ. Lálẹ́ ọjọ́ kẹrin, ó ti fi í sílẹ̀ réré. Nígbà tí oṣù fi máa pé róbótó, ìlà-oòrùn ló ti ń yọ, àgùàlà sì wà níwọ̀-oòrùn tirẹ̀. Ajá wo ni olówó rẹ̀ ń lọ sápá ibí tí òun jókòó sápá ọ̀hún? Àwọn àgbà kúkú ti wí i: àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni, àgùàlà kì í ṣe ajá oṣù. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń pa òwe yẹn. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé ẹni tó kọ́kọ́ pa á ti ní láti jókòó sẹ́yìnkùlé rẹ̀ kó wò ó bí mo ṣe ń wò ó yìí.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní yunifásítì wá yá mi ní bìnókúlà. Mo gbé e lé orí ògiri kí ọwọ́ mi má baà gbọ̀n. (Ẹ jẹ́ kí oòrùn wọ̀ tán pátápátá kí ẹ tó gbé e sójú o, ojú ò ní ìpààrọ̀.) Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ kò rí róbótó bí ìràwọ̀. Ó tẹ̀ kọdọrọ bí èékánná tí a gé sọ nù, bí oṣù ọjọ́ kejì gẹ́lẹ́! Mo bọ́ awò sílẹ̀, mo fi ẹ̀wù nù ún, mo tún wò. Èékánná náà ṣì ni. Ọmọ yẹn ní ohun tí Galileo, onímọ̀ nípa ojú ọ̀run, bẹ̀rẹ̀ sí í rí ní Ítálì nìyẹn lọ́dún 1610, pé ó wo àgùàlà fún oṣù mélòó kan, ó rí i bó ṣe ń pé tó sì ń fá bí oṣù, òun ló sì jẹ́ kó dá a lójú pé oòrùn ni àgùàlà ń yí ká, kì í ṣe ilẹ̀ ayé wa. Kì í tilẹ̀ ṣe ìràwọ̀. Ayé kan ni bíi tiwa, oòrùn ló ń tàn sí i lára. Ìdí rèé tí kò fi lè jìnnà sí oòrùn, tó fi jẹ́ ìrọ̀lẹ́ tàbí ìdájí la máa ń rí i, tẹ́nikẹ́ni kì í bá a láàárín ọ̀gànjọ́.

Ó ń rẹlẹ̀ sí i bí ààwẹ̀ ṣe ń lọ. Nígbà tí ààwẹ̀ fi lé ní ogún ọjọ́, mi ò rí i mọ́. Mo pa ojú ewé náà dé, mo ní ó ti parí. Ọdún ìtùnú kọjá, mo ń lọ kírun Àsùbáà láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbójú sókè, òun nìyẹn lápá ìlà-oòrùn, ó ń tàn yanran. Mo dúró sójú títì débi tí ọlọ́kadà fi bú mi.

Ìyá Olóúnjẹ Táńkẹ̀

Olóṣù! (Ẹ má bínú, ó dùn ún pè ni.)

Tèmi ò lọ sókè ọ̀run, inú ìkòkò ló wà. Ìyá tó bí ìyá mi kì í jẹ́ kí á fẹnu kan wàrà. Ó ní ewé bòmubòmu làwọn Fúlàní fi ń ṣe é, oje bòmubòmu sì ń ba ojú jẹ́. Ohun tó lè ba ojú jẹ́, kí ni yóò ṣe fún ìfun? Èmi ọmọ Ìlọrin, ìlú tí àwọn èèyàn ti ń ra wàrà lọ sílé bí ẹni ra ẹ̀bùn, mo dàgbà láìtọ́ ọ wò. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ títà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń béèrè wàrà díndín, mo bá ń rà á lọ́wọ́ ìyá kan tó ń ti gàá Fúlàní wá. Mò ń dín in, mò ń tà á, mi ò jẹ́ kó kan ahọ́n mi. Owó ṣáà ni.

Ọjọ́ kan ni wàrà korò. Oníbàárà mẹ́ta dá a padà. Mo kọjú ìjà sí ìyá yẹn lójú ọjà, mo ní ó ti pò ó mọ́ nǹkan. Kò bá mi jà. Ó kàn ní, "Wá sí gàá lọ́la kí ilẹ̀ tó mọ́, kí o wá wò ó."

Mo lọ. Mílíìkì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ni wọ́n dà sínú ìkòkò, iná abẹ́ rẹ̀ kò ju iná tí a fi ń yá ọwọ́ lọ. Ìyá já ewé bòmubòmu díẹ̀, ó ṣàn án, ó gún un, ó fi mílíìkì díẹ̀ pò ó, ó sẹ́ oje rẹ̀ sínú ìkòkò. Ó ro ó lẹ́ẹ̀kan péré, ó káwọ́ gbera. A jókòó. Kò sí nǹkan kan tó ń ṣẹlẹ̀. Mo ti ń yán, mo ti ń ro ti ẹ̀wà tí mo rẹ sílé, ìgbà tí mo máa tún wo inú ìkòkò, mílíìkì ti ń fà kúrò lára ògiri ìkòkò. Ó ń dì. Omi tó yà sílẹ̀ lára rẹ̀ mọ́, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó fẹ́ jọ àwọ̀ ewé. Ìgbà yẹn ló wá koná mọ́ ọn kó hó. Ó fi ìgbákọ bù ú sínú àwọn agbọ̀n kéékèèké, omi ń kán tó, tó, tó. Nígbà tó da ọ̀kan sí mi lọ́wọ́, mo rí ìlà agbọ̀n lára rẹ̀ yí ká. Ọdún mélòó ni mo ti ń fi ọ̀bẹ gé ìlà yẹn! Mo rò pé ibi tí wọ́n fi aṣọ dì í ni.

Ó ní ti ọjọ́ ìkorò yẹn, ọmọ òun ló ń kánjú àtilọ ìsọmọlórúkọ, ó da oje ewé sí i ní ìlọ́po méjì kó lè tètè dì. Oje bá pọ̀ jù, á korò. Kó tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan ohunkóhun, ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ ara rẹ̀, ó ní ẹni tó bá já bòmubòmu kò gbọdọ̀ fọwọ́ nu ojú. Ìyá àgbà mi ò parọ́ o. Ara igi ló dúró sí, kò dé ìdí ìkòkò.

Mo jẹ ẹ́ níbẹ̀ ní gbígbóná. Ẹ má bi mí léèrè iye tí mo jẹ.

Alátẹ Ọjà-Ọba

Tèmi kúrú. Obìnrin kan wà tí gbogbo wa lẹ́sẹẹsẹ tiwa gbà pé ẹsẹ̀ rẹ̀ burú, pé bó bá fi jẹ́ òun ló kọ́kọ́ rajà lọ́wọ́ ẹni, ọjà ọjọ́ náà ti kú. Mo máa ń sá sẹ́yìn àpò ìrẹsì tó bá ń bọ̀. Mo wá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìwé gbèsè mi: ẹni tó kọ́kọ́ rà, iye tí mo pa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó kọ́kọ́ rajà lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án. Ọjà yá nínú márùn-ún, ó kú nínú mẹ́rin. Nígbà tí mo wo ọjọ́ tí ọjà kú dáadáa, òjò òwúrọ̀ ló pọ̀ nínú rẹ̀, àti ìparí oṣù kí owó tó wọlé. Ó ti di oníbàárà mi gidi báyìí. Àwọn ará ẹ̀gbẹ́ mi ṣì ń sá.

Awakọ̀ Ọ̀ffà

Ẹ̀yin ń pọ́n ojú yìí lé jù. Ojú kan náà tí ẹ fi ń wò ó ló ń tan èèyàn. Ọ̀nà Ìlọrin sí Ọ̀ffà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀sán gangan, omi á tẹ́ rẹrẹ sórí títì níwájú yín, ẹ ó dé ibẹ̀, gbígbẹ táútáú. Èwo ni ká gbojú gbọ́ níbẹ̀?

Aránṣọ Pàkàtà

Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ sọ̀ kalẹ̀ wò ó rí?

Awakọ̀ Ọ̀ffà

Mo sọ̀ kalẹ̀ rí o, táyà ló jò. Mo bẹ̀rẹ̀ láti tú nọ́ọ̀tì, omi ọ̀hún pọ̀ sí i níwájú mi. Mo dìde dúró, ó dín kù. Mo bẹ̀rẹ̀, mo dìde, mo tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn èrò ní orí mi ti dàrú. Olùkọ́ kan nínú wọn ló wá ṣàlàyé pé ọ̀dà títì gbóná, afẹ́fẹ́ tó wà lórí rẹ̀ gbóná ju tòkè lọ, òun ló ń tẹ ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run wá sójú wa bíi ti dígí. Ojú ọ̀run là ń rí nílẹ̀. Ó dáa, mo ti gbà fún yín ní ìlàjì.

Ọmọ Èsìẹ́

Ìtàn tí wọ́n fi tọ́ wa ni pé àlejò ni àwọn ère òkúta ìlú wa tẹ́lẹ̀, pé ṣe ni wọ́n sọ wọ́n di òkúta. Wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún nínú ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ṣí lọ́dún 1945, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Mo mú ọmọ mi lọ, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ó dúró síwájú ọ̀kan, kò fẹ́ kúrò. Ó ní, "Dádì, bí èèyàn bá di òkúta, ṣé àpótí tó jókòó lé náà á di òkúta?" Èmi tí mo ti rí ère yẹn bí ẹni rí ògiri ilé, ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Irun orí rẹ̀, ìlà kan tẹ̀ lé ìkejì, ẹnìkan fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ fà á ni. Ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ ṣeé kà. Irú òkúta yẹn rọ̀, èékánná lè ha á, ó ń gba ọ̀bẹ. Àwọn onímọ̀ ò tíì fẹnu kò lórí àwọn tó gbẹ́ wọn. Mo ṣì ń sọ ìtàn àlejò fún ọmọ náà lálẹ́, torí ó dùn. Ìbéèrè tirẹ̀ ti di "Kí lorúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ?"

Àgbẹ̀ Òmù-Àrán

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Mi ò fẹ́ dá sí i, ìtìjú wà nínú tèmi.

Ọmọ àbúrò bàbá mi àti èmi la jọ pààlà oko. Ọdún méjì léra, ẹ̀gẹ́ mi ń lọ́, ewé rẹ̀ ń ká, ó ń pọ́n tótòtó; tirẹ̀ lódì kejì ń tutù yọ̀yọ̀. Mo ti pàdé rẹ̀ lójú ààlà kí ilẹ̀ tó mọ́. Kí ni mo tún ń wá? Mo sọ fún ẹbí pé òun ló ń ba oko mi jẹ́, mo sọ ọ́ níta. Wọ́n pè é sí ìpàdé, ó búra. Mi ò gbà.

Ọdún kẹta ni òṣìṣẹ́ ètò ọ̀gbìn kan kọjá, mo fi oko hàn án, mo sì sọ tẹni tó ń ṣe mí. Kò dá mi lóhùn. Ó lóṣòó, ó dojú ewé kan dé, ó fi ìka lù ú pẹ́. Àwọn eṣinṣin funfun kan fò, wọ́n kéré bí ìyẹ̀fun. Ó ní àwọn wọ̀nyí ń gbé àrùn náà láti ara ẹ̀gẹ́ kan dé èkejì. Ó wá ní kí n má tíì dá wọn lẹ́bi, kí n wo ewé ìsàlẹ̀. Bí ewé tó kọ́kọ́ hù bá mọ́, tó jẹ́ tòkè ló ká, eṣinṣin ló gbé e wá. Bó bá ti ìsàlẹ̀ ká lọ sókè, inú igi tí wọ́n gbìn ló ti wá.

Mo fi ọjọ́ méjì wo oko náà ní ebè kọ̀ọ̀kan. Láti ìsàlẹ̀ ni, fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo rẹ̀. Igi ẹ̀gẹ́ ọdún tó kọjá ni mo máa ń gé gbìn, àbúrò mi sì ti lọ ra tirẹ̀ níbòmíràn. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń gbìn ín lọ́dọọdún. Ti òwúrọ̀ ojú ààlà yẹn, ojú àgbàrá ló ń là kí omi má baà wọ oko wa méjèèjì.

Ìyá Olóúnjẹ Táńkẹ̀

Ẹ bẹ̀ ẹ́?

Àgbẹ̀ Òmù-Àrán

Mo lọ. Mo gbé iṣu lọ, mo mú ẹ̀gbọ́n wa àgbà dání. Mo sọ ọ́ níwájú ìyàwó rẹ̀, bí mo ṣe sọ tàkọ́kọ́ níta. Ó gba iṣu náà. Ó tún gé igi ẹ̀gẹ́ tirẹ̀ ní ìdì kan fún mi pé kí n lọ gbìn ín. Ṣùgbọ́n tẹ́lẹ̀, bó bá ń kọjá lójú ààlà, á pè mí kí á jọ jẹun. Kò tíì pè mí.